Ọmọ mi kò ní kírẹ́díìtì nínú Ìṣirò: ṣé òfin tuntun tó láti gbé e wọ yunifásítì?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà níbí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú dá mi lóhùn, nítorí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn kò bá ara wọn mu rárá.

Ọmọbìnrin mi ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Èsì WAEC rẹ̀ kò burú: A1 ni ó gbà nínú Yorùbá, B3 nínú Government àti Literature, C4 nínú CRS, C5 nínú English. Ìṣirò nìkan ni ó kọ̀ fún un, E8 ni ó gbà níbẹ̀. Nínú JAMB, ó gba 214. Ìmọ̀ òṣèlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Political Science, ni ó wù ú láti kà ní Àgọ́-Ìwòyè. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ sọ pé bó bá jẹ́ Yorùbá tàbí ìmọ̀ ìtàn ni yóò kà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kí ó ṣáà wọlé lọ́dún yìí. Èmi alára ń wo yunifásítì tó wà ní Ìjàgun, nítorí pé ó sún mọ́ ilé, mo sì gbọ́ pé ìjọba àpapọ̀ ti gba yunifásítì náà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀.

Ohun tó da ọkàn mi rú ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025, pé ìjọba ti yọ Ìṣirò kúrò nínú ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní kí ó tó wọ yunifásítì. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọmọ náà, ó ní kí n má fetí sí i, kí ọmọ tètè lọ tún Ìṣirò kọ nínú GCE, ìdánwò tí ẹni tó ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama lè tún kọ. Aládùúgbò mi kan, tí òun náà ní ọmọ tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní owó tí mo bá ná lórí GCE nísinsìnyí, owó àsọnù ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Olùkọ́ Ìperú

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Rẹ́mọ, èmi ni mo sì ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ WAEC àti JAMB fún àwọn ọmọ kíláàsì wa tó kẹ́yìn, nítorí náà ìbéèrè yín kò ṣàjèjì sí mi.

Òfin náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín in kiri lórí fóònù ti gé e kúrú. Ohun tí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí Ètò Ẹ̀kọ́, lábẹ́ mínísítà Tunji Alausa, kéde nínú oṣù Kẹwàá náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú àwọn iṣẹ́ tó bá ohun tó fẹ́ kà mu, kí English sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìṣirò ṣì jẹ́ dandan fún ẹni tó bá fẹ́ ka sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, tàbí ìmọ̀ àwùjọ, ìyẹn Social Sciences. Àwọn tó fẹ́ ka Arts ni wọ́n sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ padà sí ibi tí mo ti dárúkọ ìmọ̀ àwùjọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ohun tó wu ọmọ yín wà.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà, ẹ̀bi wọn kọ́ sì ni, àwa olùkọ́ girama ni a fà á. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó ń ṣe Government, Literature àti CRS, ọmọ kíláàsì Arts ni a ń pè é, orúkọ yẹn a sì mọ́ òun àti àwọn òbí rẹ̀ lára. Bí ó bá wá dé yunifásítì, kì í ṣe kíláàsì tó ti jáde ni wọ́n ń wò bí kò ṣe fákọ́tì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó yàn wà. Ìmọ̀ òṣèlú wà lábẹ́ ìmọ̀ àwùjọ, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti Sociology ṣe wà níbẹ̀. Yorùbá, ìmọ̀ ìtàn, English àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wà lábẹ́ Arts. Nítorí náà, pẹ̀lú èsì kan náà, ọmọ yín lè bèèrè fún Yorùbá kí ìwé rẹ̀ sì pé, kí ó bèèrè fún Political Science kí wọ́n sì dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ka èsì rẹ̀. Láti A1 dé C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8 jẹ́ páàsì, kì í ṣe kírẹ́díìtì. Yorùbá, Government, Literature, CRS àti English jẹ́ márùn-ún géérégé, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó jókòó ni ó sì gbà wọ́n, èyí tó dára púpọ̀ nítorí pé àwọn ẹ̀ka kan wà tí wọn kì í gba èsì ìjókòó méjì. Ti ọdún tó ti kọjá pàápàá, àwọn yunifásítì kan wà tí wọ́n ń gba páàsì nínú Ìṣirò fún àwọn ẹ̀ka kan nínú Arts; ẹni tó bá ka ìwé ìlànà JAMB dáadáa yóò rí i. Ọ̀rọ̀ náà kò tuntun tó bí àwọn oníròyìn ṣe gbé e.

Ohun tí ìjọba kéde ni èyí tó kéré jù lọ, tí yunifásítì kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá. Kò dí yunifásítì lọ́wọ́ láti béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni ti máàkì JAMB rí: nínú ìpàdé tí JAMB àti àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ṣe ní ọdún 2025, 150 nínú 400 ni wọ́n fi ṣe máàkì tó kéré jù fún yunifásítì, nígbà tó jẹ́ 140 ní ọdún 2024, 100 sì ni ti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe àti ti àwọn olùkọ́ni. Òbí á gbọ́ 150, á rò pé 214 ti ju ohun tí wọ́n ń béèrè lọ fíìfíì. Ẹ̀ka tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ bá ń dù yóò gbé tirẹ̀ sókè, yóò sì tún fi èsì Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, kún un.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bá àwọn òbí yòókù sọ láàárín èyí ni pé kí wọ́n má gba àwọn ọmọ tó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ láyè láti sá kúrò ní kíláàsì Ìṣirò. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ náà ti tún un sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣì forúkọ sílẹ̀ fún Ìṣirò àti English nínú WAEC àti NECO, tí wọn yóò sì kọ wọ́n. Kírẹ́díìtì fún ìgbàwọlé ni wọ́n yí padà, ìdánwò náà wà ní ààyè rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, 300 Level

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo dúpẹ́ fún àlàyé yín, ṣùgbọ́n ohùn yín dà bíi pé ẹ kò fẹ́ kí inú àwọn tí òfin yìí tú sílẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà wọn díẹ̀.

Yorùbá ni mò ń kà, ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tó wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kí n tó wọlé, Ìṣirò dá mi dúró sílé. Ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń ka ìwé ni mo fi ń bá àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì kiri Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, nínú ẹ̀kọ́ ewì àti ti gbólóhùn èdè Yorùbá, kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wá ìdáhùn sí quadratic equation. Àwọn ọmọ kan wà tí a jọ kọ ìdánwò, tí wọ́n mọ oríkì, tí wọ́n mọ ìtàn ìlú, tí wọ́n lè kọ eré oníṣe, tí wọ́n sì ti fi ìwé sílẹ̀ nítorí F9 kan ṣoṣo. Mínísítà fúnra rẹ̀ ní àwọn tó ń kọ UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù méjì, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 700,000 ni ó ń rí ààyè wọlé. Bí a bá lè dín àwọn tó ń jókòó sílé kù, mi ò rí ìdí tí a ó fi máa fojú burúkú wò ó.

Màmá, tó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ọmọ náà yóò kà, ẹ jẹ́ kí ó wá bá wa. Kíláàsì wa kì í kún bíi ti àwọn tó ń ka Òfin, àwọn olùkọ́ wa sì mọ orúkọ wa.

Bàbá Ṣágámù

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì, mo sì ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbàwọlé rí. Ìwọ ọmọ Yorùbá yìí, ọ̀rọ̀ rẹ ní láárí, pàápàá ní ti àwọn tí F9 kan dá padà sílé. Síbẹ̀, kì í ṣe Ìṣirò ló ń dá mílíọ̀nù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró. Ilé, olùkọ́ àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kò tó, àwọn ọmọ náà sì ń ṣùrù bo ẹ̀ka díẹ̀: ìmọ̀ ìṣègùn, ìtọ́jú aláìsàn, Òfin, ìṣirò owó. Ìjọba ń retí pé àtúnṣe yìí yóò fi 250,000 sí 300,000 kún àwọn tó ń wọlé lọ́dọọdún. Níbo ni wọn yóò jókòó? Ẹ̀ka Yorùbá tó o ní kò kún yẹn lè gbà lára wọn. Mi ò rò pé ó lè gba gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ìgbàwọlé nìkan ni ẹ ti ń sọ láti òwúrọ̀, kò sì sí ẹni tó tíì mẹ́nu kan ohun tí ọmọ náà yóò bá nínú kíláàsì, tí èyí sì ti yí padà ju ìgbàwọlé lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde, wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, dípò BMAS tí a ti ń lò láti ọdún 2007. Ìmọ̀ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pín in sí. Nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni NUC ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì Nàìjíríà. Ìdá 30 tó kù ni ó fi sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ti ara rẹ̀ sí i. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi ẹ̀hónú hàn sí ìpín náà, wọ́n ní ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì ló yẹ kó máa pinnu ohun tí a ó kọ́. Mo fara mọ́ ASUU lórí ìyẹn. Ìdá 30 kéré fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ ní ìwà ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, mo tún ń bẹ̀rù pé ọ̀pọ̀ wa kò tíì mọ ohun tí a ó fi ìdá 30 náà ṣe ju kí a kó àwọn iṣẹ́ àtijọ́ padà sínú rẹ̀. Yunifásítì tó wà ní Ìjẹ̀bú lè fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹgbẹ́ régbérégbé, òwò, àti ìṣàkóso ìlú wa. Ta ni yóò fi lélẹ̀ fún wọn?

Ìdí tí mo fi mú èyí wá síbí ni pé nínú ìlànà tuntun náà, kò sí ẹni tí yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn iṣẹ́ àjọṣe, ẹ̀ka yòówù kí ó wà. Ní ọdún kìíní, yóò ṣe GST 111 lórí ìlò English àti GST 112 lórí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà àti àṣà wọn. Ní ọdún kejì, GST 212 yóò kọ́ ọ ní ọgbọ́n orí àti ọ̀nà ìrònú tó lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ENT 211 yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń dá òwò sílẹ̀. ENT 312 ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ń béèrè ó kéré tán unit 120 kí ọmọ tó lè gboyè jáde, àwọn wọ̀nyí sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá òwò sílẹ̀ yóò ṣírò èrè àti àdánù. Ẹni tó bá ń ka ìmọ̀ òṣèlú yóò kọ́ ọ̀nà ìṣèwádìí, yóò sì ka ìbò, yóò fi ìdá ọgọ́rùn-ún wọn wéra. Àwọn tó ń gba oyè nínú ètò ẹ̀kọ́, títí kan ẹni tí yóò máa kọ́ni ní Yorùbá, ń ṣe iṣẹ́ lórí bí a ti ń ṣe ìdánwò àti bí a ti ń wọn òye akẹ́kọ̀ọ́. Mo ti rí àwọn tí kò lè ṣírò àròpín máàkì kíláàsì ara wọn, ó sì máa ń ṣe mí láàánú. Ìwọ náà tó ń ka Yorùbá, nígbà tí o kọ́ òǹkà, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ kọ́ ni o fi dé àádọ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta?

Nípa Ìjàgun, ìyá wa, òtítọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Yunifásítì náà, tí a fi orúkọ Tai Solarin, olùdásílẹ̀ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, pè, ni yunifásítì ètò ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2005, ó sì bọ́ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ̀ sí i nítorí owó. Ẹ má gbàgbé pé ìlànà ìgbàwọlé ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá, ìdá 35 jẹ́ ti agbègbè tó yí yunifásítì ká, ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ògùn kò sí lára àwọn ìpínlẹ̀ ìkẹyìn yìí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yunifásítì náà yóò máa bá gbogbo agbègbè náà pín nínú ìdá 35, kì í ṣe pé àyè ti wà nílẹ̀ dè é.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Bàbá, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo dúpẹ́. Ojú mi ti là sí ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá lórí pé ìmọ̀ òṣèlú kì í ṣe Arts.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ó ní òun kò fẹ́ fi Political Science sílẹ̀. Ó béèrè bóyá òun lè kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni láti gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kí òun sì gba Direct Entry, ìgbàwọlé tí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní, wọ 200 Level lẹ́yìn náà, kí Ìṣirò má baà dí òun lọ́wọ́ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, tún ń sọ pé òun náà fẹ́ kọ JAMB tó ń bọ̀.

Olùkọ́ Ìperú

Màmá, ti àbúrò ni kí n kọ́kọ́ dáhùn nítorí pé kò gùn. Ọdún 16 ni ìjọba fi ẹnu lé fún ìgbàwọlé, lẹ́yìn tí mínísítà tó wà ṣáájú ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di 18 ní ọdún 2024 tí èyí tó tẹ̀ lé e sì mú un sọ̀kalẹ̀. Ti ọdún 2025, àwọn tí kò tíì pé ọdún náà, àfi ẹni tó bá gba ó kéré tán 320 nínú UTME ni wọ́n tún wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin náà dàgbà díẹ̀ sí i.

Ní ti NCE, ìlànà tuntun náà ń béèrè kírẹ́díìtì mẹ́rin, English sì ni ó di dandan fún àwọn tó fẹ́ ka Arts àti ìmọ̀ àwùjọ níbẹ̀. Ìṣirò wà fún àwọn onísáyẹ́ǹsì àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ yín lè wọ ibẹ̀ lọ́la pẹ̀lú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá gba NCE tán, tó wá fẹ́ gba Direct Entry, yunifásítì yóò tún béèrè èsì O'Level rẹ̀, ẹ̀ka Political Science yóò sì tún wá kírẹ́díìtì Ìṣirò nínú rẹ̀. Ohun tó ń sá fún yóò kàn pàdé rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i ni, nígbà tí ohun tó kọ́ ní kíláàsì girama yóò ti sá lórí rẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ tó ní kí ó kọ GCE ni mo gbà pẹ̀lú, kì í ṣe nítorí pé òfin náà jẹ́ irọ́, bí kò ṣe nítorí ohun tí ọmọ yàn. Kí ó forúkọ sílẹ̀ fún ti WAEC tàbí NECO, èyí tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣí. E8 kò jìnnà sí C6. Ọmọ tó gba A1 nínú Yorùbá kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Kí ó tó san owó, ẹ jẹ́ kí ó wọ orí ìkànnì yunifásítì tó fẹ́, kí ó sì wò ó bóyá ẹ̀ka náà ń gba èsì ìjókòó méjì, nítorí pé èsì tirẹ̀ yóò di méjì. Bí bàbá rẹ̀ bá sì ń fẹ́ kí ó wọlé lọ́dún yìí dandan, kí ó yí ẹ̀ka tó yàn padà sí Yorùbá tàbí ìmọ̀ ìtàn lórí ìkànnì JAMB kí àkókò àtúnṣe tó tì, kí ó mú ìwé èsì WAEC àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ JAMB rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé kọ̀ǹpútà tí JAMB fọwọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní òpópónà gba ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ láti bá a ṣe é.